Ẹ Kí Ilé Kí Ẹ Tó Wọlé

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ wá bá mi ní fàráńdà lálẹ́ àná, ẹ ní Sátidé tó ń bọ̀ lẹ fẹ́ lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì Providence, ilé àwọn Onítẹ̀bọmi tó wà láàárín ìgboro Monrovia. Inú mi dùn sí i, àfi ìgbà tí èyí tó kéré jù nínú yín sọ pé kò ní gbà yín ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ: ẹ ó ya fọ́tò lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó sì gba ibẹ̀ lọ ra bàtà ní ọjà Waterside. Mi ò fèsì. Oorun ò sì kùn mí dáadáa, ni mo bá dìde, mo tan iná, mo mú bírò. Ẹ má retí kí ó gún régé. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń wá ni mo ṣe ń tò ó.

1. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó lọ. Ẹ rán ẹnì kan nínú yín síwájú láàárín ọ̀sẹ̀, kó lọ bá akọ̀wé ìjọ, kó sọ iye tí ẹ jẹ́ àti ohun tí ẹ fẹ́ rí. Sátidé ni wọ́n sábà máa ń sìnkú nílùú yìí. Bí wọ́n bá ní òkú wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ sún un sí ọjọ́ mìíràn. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, mo já wọ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan báyìí, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, kámẹ́rà lọ́rùn mi, mo gbójú sókè mo ń wo àjà. Mi ò mọ̀ pé pósí wà níwájú pẹpẹ, àwọn ẹbí sì jókòó pa rọ́rọ́. Màmá àgbàlagbà kan dìde, ó fi abẹ̀bẹ̀ gbá mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ó padà lọ jókòó. Kò sọ nǹkan kan. Ó ti lé lógójì ọdún báyìí, ẹ̀yìn ọwọ́ mi ò tíì gbàgbé.

2. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti etí omi. Ẹ tètè kúrò ní Jallah Town, ẹ wọ kẹ̀kẹ́ já sí Capitol Bypass, kí ẹ wá ọkọ̀ tó ń lọ ìgboro. Ẹ má sọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ kọjá lọ sí ìsàlẹ̀, níbi tí ẹ ó ti máa wo odò Mesurado. Erékùṣù kékeré tí ẹ máa rí lẹ́bàá afárá yẹn ni wọ́n ń pè ní Providence Island. Ibẹ̀ ni àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ti Amẹ́ríkà wá gúnlẹ̀ sí lọ́dún 1822. Ibà ń pa wọ́n, oúnjẹ ò tó wọn, àwọn onílẹ̀ ò sì fẹ́ rí wọn. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ni wọ́n tó gun òkè lọ sí orí ilẹ̀ tí a ń pè ní Monrovia lónìí. Ẹ̀yin náà, ẹ fẹsẹ̀ gun òkè náà. Àwọn tó kọ́kọ́ gùn ún ru ẹrù, wọ́n pọn ọmọ, àìsàn sì wà lára wọn. Tí ẹ bá ti ń mí hẹlẹ kí ẹ tó dé òpópónà Center, ìtàn náà ti wọ̀ yín lára díẹ̀ nìyẹn.

3. Ẹ mọ ẹni tó nilé. Lott Carey lorúkọ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Virginia ni wọ́n bí i sí ní nǹkan bí ọdún 1780, ẹrú sì ni. Wọ́n mú un lọ ṣiṣẹ́ nílé tí wọ́n ń kó tábà sí ní ìlú Richmond. Nígbà tó gbọ́ ìwàásù lórí Nikodémù, ìyẹn orí kẹta ìwé Jòhánù, ó ní dandan ni kí òun fi ojú ara òun kà á. Bó ṣe mọ̀wé nìyẹn. Owó tó ń ṣẹ́ pa mọ́ díẹ̀díẹ̀ ló fi ra ara rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ méjì padà lọ́dún 1813. Dọ́là 850 ni. Fóònù tó wà lọ́wọ́ ẹnì kan nínú yín sún mọ́ iye yẹn.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1821, òun àti Colin Teague kó ìdílé wọn, wọ́n wọ ọkọ̀ Nautilus. Ohun tó máa ń dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn yìí ni pé wọ́n ti dá ìjọ náà sílẹ̀ ní Richmond kí wọ́n tó gbéra, èèyàn mélòó kan nínú yàrá ẹnì kan. Ìjọ ti wà kí ilé tó wà. Inú ọkọ̀ ni wọ́n gbé e sí kọjá òkun. Freetown ní Sàró ni wọ́n kọ́kọ́ sọ̀ sí, kí Carey tó dé Mesurado lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ó ń wàásù, ó ń tọ́jú aláìsàn bẹ́ẹ̀ kò lọ ilé-ìwé ìṣègùn rí, ìgbà tó bá sì di ìjà, ó ń gbé ìbọn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1828, níbi tí òun àti àwọn mìíràn ti ń di ọta ìbọn, ẹ̀tù gbiná. Ibẹ̀ ló bá ikú pàdé.

Ẹni tó bá ń mú yín yí ilé ká lè yára fo ikú yẹn. Ẹ má jẹ́ kó fò ó. Ẹ fi ọ̀wọ̀ bi í pé: ta ni pásítọ̀ fẹ́ fi ẹ̀tù yẹn bá jà? Ẹ di ìdáhùn rẹ̀ mú títí ẹ ó fi dé ìmọ̀ràn karùn-ún.

4. Ilé ńlá tuntun wà níbẹ̀, ó sì dára. Ẹ kí i, kí ẹ kọjá. Ilé àtijọ́, èyí tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1839, lẹ bá wá. Bí wọ́n bá ti gbà yín láàyè, ẹ jókòó sẹ́yìn, ẹ pa fóònù, ẹ má sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ wo bí ògiri ṣe nípọn tó. Ẹ wo ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ẹ ro bí wọ́n ṣe gbé igi àjà gòkè nígbà tí kò sí ẹ̀rọ tí ń gbé igi.

Ibẹ̀ ni àwọn aṣojú láti Montserrado, Grand Bassa àti Sinoe ti pàdé ní oṣù Keje ọdún 1847. Samuel Benedict ni alága wọn. Hilary Teage ló kọ ìwé òmìnira: ọmọ Colin Teague tó bá Carey wọ ọkọ̀ ni, òun ló ń darí ìwé ìròyìn Liberia Herald, ó sì tún ṣe pásítọ̀ ìjọ náà. Ọ̀dọ́ bíi tiyín ni nígbà tó tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ gun omi. Ní ọjọ́ 26, èèyàn mọ́kànlá buwọ́ lu ìwé náà, Làìbéríà sì di orílẹ̀-èdè tó dá dúró. Kí ẹ lè mọ bó ṣe jìnnà tó: lọ́jọ́ náà, Àjàyí Crowther ò tíì lo ọdún kan pé ní Abẹ́òkúta, kò sì sí òyìnbó ọba kankan tó ń jókòó sí Èkó.

Láti kékeré lẹ ti mọ Twenty-six. Àwọn ọmọ àdúgbò á sá bá èèyàn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, wọ́n á ní Twenty-six àwọn wà lọ́rùn rẹ̀, kó mówó jáde. Ẹ̀yin náà ti gba tọwọ́ mi lọ́pọ̀ ìgbà. Ó tó àkókò kí ẹ rí yàrá tí gbèsè yẹn ti bẹ̀rẹ̀.

5. Ẹ wá ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí lára ògiri. Ìmọ̀ràn yìí ni mo tìtorí ẹ̀ mú bírò.

Bí ẹ bá wọ ilé ìjọsìn tó ti pẹ́ níbikíbi, ní Monrovia, ní Bàdágírì, ní ìlú àwọn òyìnbó, ẹ máa rí òkúta tí wọ́n fín orúkọ sí. Ẹ kà á tán, kí ẹ wá bi ara yín léèrè: ilẹ̀ ta ni wọ́n kọ́ ilé sí? Ta ló ru òkúta? Ta ló ń se oúnjẹ nígbà tí àwọn ọkùnrin ń buwọ́ lùwé? Ilé tó bá ní ìtàn gidi kì í bẹ̀rù ìbéèrè wọ̀nyí, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ nìkan ló lè bẹ̀rù.

Ẹ gbọ́ bí ilẹ̀ Mesurado ṣe di tiwọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1821, Eli Ayres, aṣojú ẹgbẹ́ tó ń kó àwọn aláwọ̀ dúdú bọ̀ láti Amẹ́ríkà, àti Robert Stockton, ọ̀gá ológun ojú omi, lọ bá ọba tí wọ́n ń pè ní King Peter àti àwọn olóyè ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn onílẹ̀ kọ̀, wọn ò ta ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ di gbọ́nmi-si-omi-ò-to. Stockton fa ìbọn ìléwọ́ yọ, ó nà án sórí ọba. Ọjọ́ kejì ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n tọwọ́ bọ̀wé. Ọjà tí wọ́n kó kalẹ̀ kò tó ọ̀ọ́dúnrún dọ́là: ìbọn, ẹ̀tù, ìlẹ̀kẹ̀, tábà, irin, fìlà, bàtà, ọtí, agboòrùn. Ẹ wá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ 850 tí Carey fi ra ara rẹ̀ àti ọmọ méjì. Mi ò ní sọ fún yín ohun tí ẹ ó rò nípa rẹ̀. Ẹ ṣáà gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Ìwé òmìnira 1847, nígbà tó ń sọ ẹni tí ará Làìbéríà jẹ́, àwọn tó ti Amẹ́ríkà wá ló kà. Àwọn Dei, Bassa, Vai, Kru, Kpelle, tí ilé baba wọn wà lórí ilẹ̀ náà, kò sí nínú kíkà yẹn. Ọdún 1904 ni òfin tó kà wọ́n mọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni onílé fi jẹ́ àlejò nínú ilé ara rẹ̀. Ohun tí ìyẹn fà lẹ́yìn, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ṣojú mi.

Àwọn obìnrin ńkọ́? Kò sí ọ̀kan nínú àwọn mọ́kànlá. Ṣùgbọ́n àsíá tí ẹ ń kí nílé-ìwé láràárọ̀, àwọn obìnrin ló rán an. Susannah Lewis ló ṣáájú wọn, ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún 1847 ni wọ́n sì kọ́kọ́ fà á sókè. Nítorí náà ni ọjọ́ yẹn fi jẹ́ Flag Day tí ẹ fi ń gba ìsinmi.

Ẹ má wá fi ìbéèrè wọ̀nyí na àwọn olùgbàlejò yín bí ẹni ń nàgba. Àwọn tó jókòó síbẹ̀ lónìí, Kpelle ń bẹ nínú wọn, Bassa ń bẹ, ẹni tó ti Virginia wá ń bẹ, wọ́n sì ti fẹ́ ara wọn dàpọ̀ tipẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má sì gbé ìka sókè bíi pé ọwọ́ àwa Yorùbá mọ́. Ní ọdún 1821 yẹn gan-an tí Carey ń wọ ọkọ̀ bọ̀, tí wọ́n ń na ìbọn sí King Peter, ni àwọn kan tí èèyàn tiwa wà lára wọn ya wọ Òṣogùn, wọ́n jó ilé, wọ́n sì di ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí lókùn lọ tà. Àjàyí yẹn náà ni Bíṣọ́ọ̀bù Crowther.

6. Ẹ tọ ipasẹ̀ tiwa nínú ilé wọn. Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí Monrovia, tí ẹ ń gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tí ẹ ń fi èdè ìlú yìí fèsì, ẹ rò pé ohun àjèjì lẹ fẹ́ lọ wò. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Onítẹ̀bọmi ni bàbá mi, Onítẹ̀bọmi ni bàbá rẹ̀. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé etí omi Monrovia yìí ni ẹ̀sìn náà gbà dé ọ̀dọ̀ wa.

Thomas Jefferson Bowen, òyìnbó tó kọ́kọ́ mú iṣẹ́ Onítẹ̀bọmi wọ ilẹ̀ Yorùbá, Monrovia ló kọ́kọ́ sọ̀ sí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1850. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n jọ wá. Hervey Goodale kú sí Làìbéríà níbí kí ọdún tó dé ìdajì. Robert Hill ò bá wọn kọjá síwájú. Bowen nìkan ló dé Bàdágírì ní oṣù Kẹjọ. Ó lọ sí Abẹ́òkúta, ó wà níbẹ̀ nígbà tí Dàhòmì gbógun wá lọ́dún 1851, ó dé Ìjàyè, ó sì dé Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún 1855. Ìwé gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tó ṣe jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1858. Bó bá jẹ́ òun ni ibà mú dípò Goodale, mi ò mọ ẹni tí ì bá tẹ bàbá bàbá mi bọmi.

Kì í sì í ṣe òyìnbó nìkan. Joseph Harden, aláwọ̀ dúdú tó ti Amẹ́ríkà wá sí Làìbéríà, láti ìhín ló ti lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Onítẹ̀bọmi ní Èkó, láàárín àwọn ọdún 1850. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn, káfíńtà ni: James Churchwill Vaughan. Camden ní South Carolina ni wọ́n bí i sí. Ó dé Làìbéríà lọ́dún 1853, ilẹ̀ ibẹ̀ ò bá a lára mu, nígbà tí àwọn Onítẹ̀bọmi sì ń wá ẹni tí yóò bá wọn kọ́lé nílẹ̀ Yorùbá, ó kó ayùn àti òòlù rẹ̀, ó bá wọn lọ. Ogun Ìjàyè ká a mọ́bẹ̀. Ó bọ́ sí Abẹ́òkúta, wọ́n lé àwọn ẹlẹ́sìn Kristi kúrò níbẹ̀ lọ́dún 1867, ó bọ́ sí Èkó, ó ń ta irin àti ìṣó, ó sì lówó. Lọ́dún 1888, nígbà tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé àwọn òyìnbó ìjọ ń fojú ọmọdé wo àwọn, wọ́n yọ ara wọn, wọ́n dá ìjọ tiwọn sílẹ̀. Ebenezer ní Èkó ni ìjọ náà di. Wàyí o, ẹ wò ó: ẹrú ni Carey, ó rékọjá òkun kó lè wàásù láìsí ọ̀gá lórí rẹ̀. Káfíńtà ni Vaughan, ó gba ọ̀nà kan náà kọjá, ó sì ṣe ohun kan náà ní Èkó. Tí ẹ bá jókòó sórí àga Providence, ẹ má jókòó bí àlejò.

7. Àwọn nǹkan kéékèèké. Ọkùnrin, ẹ ṣí fìlà. Ẹ má gun pẹpẹ, ẹ má fọwọ́ pa òkúta tó ní àkọlé, òógùn ọwọ́ ń jẹ ẹ́. Ẹ fi nǹkan sínú igbá ọrẹ kí ẹ tó jáde, dọ́là Làìbéríà tàbí ti Amẹ́ríkà, èyí tó bá wà lọ́wọ́. Àgbàlagbà tó bá na ọwọ́ sí yín, ẹ bọ̀ ọ́, kí ẹ sì ta ìka bí wọ́n ṣe ń ta á. Bí ẹ bá dọ̀bálẹ̀ fún un nílẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ó kàn dẹ́rù bà á ni.

8. Ẹ kọ̀wé sílẹ̀. Fọ́tò á sọ bí ògiri ṣe rí. Kò ní sọ ohun tí ìyá àgbà tó ń nu àga sọ fún yín. Ẹ wá irú ìyá bẹ́ẹ̀. Ẹ má bi í pé lọ́dún wo ni wọ́n kọ́ ilé yìí, ìwé ti sọ ìyẹn. Ẹ bi í pé ibo ló jókòó sí nígbà tó wà lọ́mọdé, ta ló ń lu agogo, orin wo ni wọ́n kọ nígbà ìgbéyàwó rẹ̀. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ pa ẹnu mọ́. Wọ́n ní bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà lẹ lọ wá níbẹ̀.

9. Nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ nílé, ẹ má yà sí Jallah Town. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ gbé yín kọjá wọ Sinkor, kí ẹ sọ̀ ní Fourteenth Street, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì St. Peter's ti àwọn Lutheran wà. Níbẹ̀, ẹ má béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní òru ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1990, nígbà ogun abẹ́lé, ọ̀pọ̀ èèyàn ti sá wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, tọkọtaya, ìkókó, arúgbó, àwọn ẹ̀yà Gio àti Mano ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn ọmọ ogun ìjọba wọlé tọ̀ wọ́n. Nǹkan bí ẹgbẹ̀ta èèyàn ni wọ́n pa. Inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì náà ni wọ́n sin wọ́n sí, ìràwọ̀ funfun ńlá sì wà lórí ilẹ̀ níbẹ̀. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ má ya fọ́tò.

Mo wà ní Monrovia lọ́dún yẹn. Ẹ máa ń bi mí, mo sì máa ń yí ọ̀rọ̀ padà. Mo ṣì máa yí i padà.

10. Tí ẹsẹ̀ bá ṣì ń yún yín lẹ́yìn èyí, òkè odò St. Paul ló kàn. Clay-Ashland ń bẹ níbẹ̀, abúlé tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ òṣèlú True Whig sílẹ̀ lọ́dún 1869. Arthington ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú, tí àwọn tó ti North Carolina wá tẹ̀ dó, tí wọ́n ń gbin kọfí. Abúlé ni wọ́n, ṣọ́ọ̀ṣì wọn kéré, ẹni tí yóò bá yín sọ̀rọ̀ sì ní àyè ju ti ìgboro lọ. Ìyẹn, ẹ jẹ́ kí ẹ̀ẹ̀rùn dé ná.

11. Òjò. Ẹ̀yin mọ Monrovia: omi tó ń rọ̀ sórí ìlú yìí lọ́dún ju 4,000 mílímítà lọ, kò sì mọ ọjọ́ tí ọmọ ilé-ìwé ń lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì. Agboòrùn méjì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi, dúdú kan, aláwọ̀ ewé kan. Dúdú yẹn, igi rẹ̀ kan ti ṣẹ́, ẹ rọra ṣí i. Ẹ mọ ohun tí wọ́n fi agboòrùn rà nílùú yìí rí, nítorí náà ẹ má fi tèmi sílẹ̀ sínú kẹ̀kẹ́. Ẹ dá a padà fún mi lálẹ́ Sátidé, kí ẹ wá jókòó, màmá yín á ti se ìrẹsì.